Ṣẹ́lò Kò Ṣeé Ta Lórí Ẹní

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ pé èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni Tọ́gbó mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dákẹ́ ni àwọn abánikẹ́dùn ti ń wí i sí mi létí: "Bàbá jẹ́ẹ́jẹ́. Bàbá oníwà tútù." Irọ́ ni. Ìbínú wà nínú Tọ́gbó, ìbínú tó tó ìbínú. Wọn ò kàn fi jà ni, wọn ò sì fi ṣépè. Orin ni wọ́n ń fi í kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọjá létí ọ̀sà láàárọ̀, tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "Tíṣà ń gbádùn ara wọn," ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ rárá.

Bàbá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Ẹ̀gùn ni wá ní Àgbádárìgì, Tọ́gbó sì ni à ń pe bàbá àgbà lédè wa. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ láyé wọn, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ọ́: wọ́n fẹ́ jókòó sórí àga. Kì í ṣe àga oyè o. Àga onígi lásán, irú èyí tí ẹlòmíì ń sá aṣọ lé. Ṣùgbọ́n inú agbo ilé tí wọ́n bí wọn sí ni wọ́n ti fẹ́ jókòó lé e, lọ́jọ́ ìpàdé, lójú gbogbo ẹbí. Ìyẹn ni kò ṣeé ṣe, nítorí ará ẹ̀yìn ni wá.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Agbo ilé wa ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Àwọn ará iwájú ni ọmọ bíbí inú ẹni tó tẹ ilé náà dó. Àwọn ará ẹ̀yìn ni ọmọ àwọn tí ẹni náà fowó rà láyé òwò ẹrú. Kò sẹ́ni tó ń pe ọ̀rọ̀ yẹn, ẹrú, lójú wa, èèwọ̀ ni. "Ará ẹ̀yìn" ni wọ́n ń wí, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín sí ọ. Ará iwájú á bá ọ jẹun, á bá ọ wa ọkọ̀ lọ pẹja ní Topo, á fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ kó o kọ́ ọ níwèé. Ṣùgbọ́n tí ẹbí bá pé jọ sí àgbàlá, ará iwájú á jókòó sórí àga, ará ẹ̀yìn á jókòó sórí ẹní. Obì á yí gbogbo wọn ká kó tó kàn wá. Tí ẹnìkan nínú wa bá sì kú, ẹ̀yìn ògiri níbi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀ la ó sin ín sí. Inú ọgbà ni òkú tiwọn ń sùn.

Tọ́gbó jẹ́ olùkọ́, wọ́n ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ wọn ni ìdajì àwọn ará iwájú ti mọ a-b-d. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn yìí ló ń wà lórí àga nígbà tí Tọ́gbó fúnra wọn bá ká ẹsẹ̀ kò sórí ẹní. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan bó ṣe máa ń rí lára wọn.

"Orúnkún ló ń dùn mí," ni wọ́n ní. "Ìyókù ti mọ́ mi lára." Irọ́ nìyẹn náà. Kò mọ́ wọn lára rí.

Nínú ilé tiwa lẹ́yìn lọ́hùn-ún, òfin wọn pọ̀ ju ti ìjọba lọ. Ọmọ mẹ́rin ni àwa tí wọ́n tọ́, abọ́ kan la sì ń jẹ. Ẹ mọ bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe tí ẹja bá wà nínú ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń pín in, orí àti àárín á sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ní òun ni àgbà. Lọ́jọ́ kan Tọ́gbó jókòó tì wá, wọ́n ní kó pín ẹja náà, àmọ́ àwa yòókù la ó kọ́kọ́ mú, òun lá gbẹ̀yìn. Háà! Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi ojú wọn ẹja bí aránṣọ. Láti ọjọ́ náà, ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ó ń sunkún, ó ní òun ni wọ́n bí ṣáájú. Tọ́gbó dáhùn pé, "Ṣáájú lo dé o, o ò bá ẹja wá."

Bí wọ́n ṣe ní ká pín ẹja náà gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ orin tiwọn sílẹ̀. Fáda àgbàlagbà kan ní Topo ló kọ́ wọn ní fáólìn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ó sì kọ́ wọn láti máa kọ orin sílẹ̀. Wọ́n mọ orin ìsìn dáadáa, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń bí wọn nínú. Wọ́n ní tírébù, ohùn òkè, ló máa ń gba orin jẹ, báàsì, ohùn ìsàlẹ̀, á kàn máa ru ẹrù lábẹ́, kò sẹ́ni tí yóò rántí rẹ̀. Nítorí náà, orin ẹni mẹ́rin ni wọ́n yàn láàyò, orin tí kì í ṣe ti gbàgede ńlá, tí èèyàn mẹ́rin lè jókòó yíra wọn ká nínú pálọ̀ kí wọ́n ta á: fáólìn méjì, fíólà, tó fi díẹ̀ tóbi ju fáólìn lọ, àti ṣẹ́lò, ìyá gbogbo wọn, tí wọ́n ń gbé sáàárín ẹsẹ̀ ta. Nínú orin Tọ́gbó, kò sí ọ̀gá. Ohùn tó ń ṣíwájú á wà lọ́wọ́ ẹni kìíní, á bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì, á yí gbogbo wọn ká. Àwa ọmọ mẹ́rin ni wọ́n fi ń dán an wò, wọ́n á ní ká fi ẹnu kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀jẹun, kì í fẹ́ kó kúrò lẹ́nu òun. Wọ́n á fi ọ̀pá fáólìn gbá a lórí pẹ́ẹ́, wọ́n á ní, "Nígbà tó kàn ọ́, kọ ọ́. Tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, gbé ẹnìkejì rẹ dúró."

Ìyá àgbà, ìyàwó wọn, ò fara mọ́ nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀. Ìjà wọn kì í yàtọ̀: bàbá mi ti kọ́ ilé sí Ìjànìkin létí títì, yàrá wà níbẹ̀ fún wọn, iná wà, omi wà. Ìyá àgbà á ní, "Sétònjí, kí ló mú ọ mọ́ ibi tí wọn ò ti kà ọ́ sí èèyàn? Ní Ìjànìkin, ta ló mọ ẹ̀yìn, ta ló mọ iwájú? O lè to àga mẹ́fà kó o máa ti ìkan bọ́ sí ìkan!" Ẹ̀rín á pa àwa ọmọ. Tọ́gbó kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Tí mo bá kó jáde, wọ́n á ní wọ́n ti sọ ọ́, pé àlejò ni mí láti ilẹ̀. Ibí ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ibí ni n óò ti jókòó."

Ọ̀rọ̀ náà wá dé ojú ẹ̀ ní ayé owó epo rọ̀bì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ayé yẹn mọ̀ ọ́n. Owó ń ya bí omi, ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ lánàá ti ń gun ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Nínú ẹbí tiwa, Olóyè ni owó náà dé bá. Òun ni àkọ́bí olórí ilé, agbaṣẹ́ṣe ni, sìmẹ́ńtì ló ń kó wọlé. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa wí pé "wọ́n" fún Olóyè, àgbà ni. Ẹ fi mí sílẹ̀ lónìí. Ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí iwájú agbo ilé, ó fẹ́ ṣí i, kò sì fẹ́ kí ìṣílé tirẹ̀ jọ ti ẹlòmíì. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Mausi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ti kọ́ fáólìn ní ìlú òyìnbó. Ó ra àwọn ohun èlò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátá, ó wá bá Tọ́gbó, tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ nígbà kan.

"Tíṣà, ẹ kọ orin ẹni mẹ́rin fún mi. Kó dùn bíi ti òyìnbó, àmọ́ kí ará ilé mọ̀ pé tiwa ni. Àwọn ọmọ mi á ta fáólìn, ẹ wá ẹni méjì sí i."

Tọ́gbó ní àwọn gbọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n kọ ọ́ tán. Ìgbà tí wọ́n wá ń pín iṣẹ́ ni bàbá mi, tí Tọ́gbó ti kọ́ ní fáólìn, gba fíólà, Tọ́gbó sì ní àwọn ló máa ta ṣẹ́lò. Ó ya bàbá mi lẹ́nu.

"Bàbá, fáólìn lẹ mọ̀. Kí lẹ fẹ́ fi igi ńlá yẹn ṣe?"

"Èèyàn lè ta fáólìn lórí ìdúró," ni Tọ́gbó wí. "Ó lè ta á lórí ẹní. Ṣẹ́lò kò ṣeé ta lórí ẹní."

Ibẹ̀ ló ti yé bàbá mi. Wọ́n ti kọ orin náà débi pé ṣẹ́lò nìkan ni yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àwọn yòókù yóò ti gba ohùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ará ẹ̀yìn lórí àga. "Bàbá, wọ́n á lé wa jáde o," ni bàbá mi wí. Èsì tó gbà ni pé, "Ìwọ ṣáà mọ nóòtì rẹ."

Pálọ̀ Olóyè ni wọ́n ti ń fi kọ́ra, kò sì sẹ́ni tó wo ẹni tó jókòó síbì kankan, nítorí òfin náà ò kan pálọ̀. Àgbàlá ló kàn. Olóyè tó ti pẹ́ ní Èkó kò tilẹ̀ rò ó.

Ọjọ́ pé. Mo wà níbẹ̀, lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ Olóyè to àga mẹ́rin sáàárín àgbàlá, Mausi àti àbúrò rẹ̀ ti jókòó. Ni Tọ́gbó bá ti ẹ̀yìn ilé jáde nínú aṣọ funfun, wọ́n gbé ṣẹ́lò mọ́ra, bàbá mi tẹ̀ lé wọn, ó gbé fíólà dání. Wọ́n jókòó.

Olórí ilé, bàbá Olóyè, na ọ̀pá sí wọn. "Sétònjí, ta ló ní kó o jókòó?"

"Orin ni, Bàbá. Kò ṣeé ta bí mi ò bá jókòó."

Àwọn kan ní kí wọ́n gbé àga kúrò. Ọlọ́gbọ́n kan ní kí wọ́n wọ yàrá lọ, kí wọ́n máa ta á lẹ́yìn fèrèsé. Ohùn á jáde, ojú ò ní í rí. Olóyè sáré dé, aṣọ olówó ńlá rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. "Tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ba ọjọ́ mi jẹ́. Ẹ wọlé. A ó máa gbọ́ yín níta."

"Ẹ ti ń gbọ́ mi níta tipẹ́," ni Tọ́gbó dá a lóhùn, wọ́n sì fa ọ̀pá lé okùn.

Ohùn náà nípọn, ó lọ́ra. Ó jọ ẹni tó ń rọra ka orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀. Ó gun òkè díẹ̀, ó kan Mausi, Mausi gbé fáólìn sábẹ́ àgbọ̀n, ó gbà á. Bó ti gbà á báyìí ni olórí ilé dìde. Gbogbo ará iwájú dìde tẹ̀ lé e, wọ́n ń lọ. Olóyè gbé ọwọ́ lé ejìká ọmọ rẹ̀. Mausi wo Tọ́gbó, ẹkún ti gbọ̀n ọ́n, ó gbé fáólìn sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ náà gbé tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé bàbá wọn lọ.

Ẹ gbọ́, Tọ́gbó ò dúró. Àwọn àti bàbá mi ta á dé òpin. Níbi tó bá ti kan àwọn fáólìn, wọ́n á dá ọwọ́ dúró, wọ́n á máa mi orí, wọ́n á fún wọn ní àyè wọn pé pérépéré, wọ́n á tún máa lọ. Mi ò rí nǹkan tó le tó àyè yẹn láti gbọ́ rí. Àwa tí a wà lórí ẹní ò mọ̀ bóyá ká dìde ni àbí ká jókòó. Ìyá àgbà di ọrùn ọwọ́ mi mú débi pé ó bó. Nígbà tí ó parí, Tọ́gbó tẹrí ba fún àga tó ṣófo, wọ́n sì sọ fún bàbá mi pé, "Ó kù díẹ̀ kó dùn."

Dẹ́rẹ́bà Olóyè wá kó ohun èlò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ ní ọjọ́ kejì. Àwọn èèyàn tiwa gan-an ló wá bá Tọ́gbó jà jù: wọ́n ní Tọ́gbó fẹ́ kó bá àwọn ni, pé àwọn ará iwájú á gba ilé lọ́wọ́ àwọn. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sọ fún Tọ́gbó pé, "Ta ló fi orin gba àga rí?" Ṣé irọ́ ni wọ́n pa ni?

Tọ́gbó ò yéé kọ orin ṣá. Owó epo wọlé, owó epo lọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Olóyè ń ya lára, wọn ò yéé kọ orin ẹni mẹ́rin tí ṣẹ́lò ń bẹ̀rẹ̀, tí kò sí ẹni mẹ́rin tí yóò ta á. Wọ́n ń tò ó sínú àpótí. Ìgbà tó yá, àga rọ́bà gba ọjà kan, ó sì pọ̀ nílé gbogbo. Lọ́jọ́ ìpàdé kan, àwọn ọ̀dọ́ to àga rọ́bà yí àgbàlá po, wọn ò tilẹ̀ rántí tẹ́ ẹní. Tọ́gbó jókòó sórí ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Inú mi dùn, mo rìn lọ bá wọn, mo ní, "Tọ́gbó, ẹ ti jókòó o!"

"Àga ló pọ̀ sí i," ni wọ́n wí. "Èèyàn ò yí padà."

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè inú ọgbà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ: kí n lọ bá àwọn ará iwájú pé ibẹ̀ ni kí a sin wọ́n sí. Mo ní, "Tọ́gbó, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa wí." Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ṣáà béèrè."

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo lọ béèrè. Olóyè ló ti di olórí ilé báyìí, ojú rẹ̀ ti ń bàìbàì. Ó gbé àga fún mi láàárín àwọn àgbà iwájú. Ó sunkún gidi, ó ní olùkọ́ òun lọ, ó ní òun ò lè gbàgbé. Ó wá nu ojú.

"Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Tí mo bá ṣí ọgbà yẹn fún Tíṣà, gbogbo òkú ẹ̀yìn ni n óò ṣí i fún."

"Ẹ ṣí i fún wọn."

Ó mi orí pé kò ṣeé ṣe. Inú bí mi, mo la èèwọ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Àwọn àgbà ló wí i, Olóyè. Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Gbogbo wọn wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó lé mi jáde. Ká ní wọ́n lé mi jáde ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe lè jà.

Olóyè wú ikọ́. Ó ní ó ku ọ̀rọ̀ kékeré kan. Àwọn ọmọ ọmọ òun mẹ́rin ń kọ́ orin l'Ékòó, ọ̀kan ń ta ṣẹ́lò. Wọ́n fẹ́ ta orin Tíṣà lọ́jọ́ ọdún agbo ilé. "Orin ilé wa ni. Kò yẹ kó bàjẹ́ sínú àpótí."

Mo délé, mo gbé àpótí orin jáde. Mo ní n óò dáná sun ún kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Wọn ò fẹ́ òkú, orin ni wọ́n fẹ́? Ìyá àgbà jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ní, "Tó o bá ti sun ún tán, kí ló kù nínú rẹ̀? Àbí ìwọ ló máa ta á?" Mi ò mọ fáólìn ta. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Bàbá mi ti ṣáájú Tọ́gbó lọ, àwa yòókù wá oúnjẹ lọ síbòmíì. Mo gbé àpótí náà lọ fún Olóyè.

A sin Tọ́gbó sí ẹ̀yìn ògiri, nínú iyanrìn.

Lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọmọ mẹ́rin náà jókòó sáàárín àgbàlá. Ará iwájú ni gbogbo wọn. Ọmọbìnrin tó gbé ṣẹ́lò ò mọ̀ wá, kò ṣẹ̀ wá, ó rẹwà bí kí ni. Ó bẹ̀rẹ̀ orin ọjọ́ ìṣílé yẹn, ohùn náà gòkè, fáólìn gbà á, ìkejì gbà á, wọ́n ń gbé e fún ara wọn bí ọmọ tuntun, kò sí àyè kankan tó ṣófo mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ pé nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rẹwà tó nìyẹn. Tọ́gbó náà ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn.

Nígbà tó parí, ẹni tó ń darí ètò gba gbohùngbohùn. Ó ní, "Orin agbo ilé wa nìyẹn o! Àwọn baba ńlá wa ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa." Kò dárúkọ ẹnì kankan. Gbogbo èèyàn dìde, àtẹ́wọ́ bo ilé. Ìyá àgbà di apá mi mú, àwọn náà dìde, omi ń ṣàn lójú wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo wo apá ibi tí ògiri wà. Ó kù díẹ̀ kí n pariwo orúkọ Tọ́gbó. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo dìde, mo bá wọn pàtẹ́wọ́.